Ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá nínú júdò: bí a ṣe ń fi kata kọ́ atemi

Ẹni tó bá ń wo ìdíje júdò kò ní rí ẹni tó kan ẹnì kejì lẹ́ṣẹ̀ẹ́ tàbí tó ta á nípàá. Òfin kò gbà á, lílé ni wọ́n sì máa ń lé ẹni tó bá dán an wò kúrò lórí máàtì. Èyí ló mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ júdò gbà pé kò sí ẹ̀ṣẹ́ nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ rárá. Ó wà níbẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kó tó di pé Kano Jigoro dá Kodokan, ilé ẹ̀kọ́ júdò rẹ̀, sílẹ̀ ní Tokyo lọ́dún 1882, ó ti kọ́ jujutsu, ìjà ọwọ́ àtijọ́ ti Japan, lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ Tenjin Shin'yo-ryu, tí wọ́n mọ lílù dunjú, ó sì tún kọ́ ti Kito-ryu, tí wọ́n gbówọ́ nínú dídá ènìyàn mọ́lẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni júdò tirẹ̀ pín sí: nage-waza, ìyẹn dídá ènìyàn mọ́lẹ̀, katame-waza, ìyẹn títẹ ènìyàn mọ́lẹ̀, fífún un lọ́rùn àti kíká a lápá, àti atemi-waza, ìyẹn lílu ènìyàn níbi tó ti lè dákú tàbí kí ó farapa. Méjì àkọ́kọ́ là ń fi ṣe randori, ìyẹn ìjàkadì ìdánrawò tí a kò to ìṣe rẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta kò ṣeé fi bá ọ̀rẹ́ ẹni díje lójoojúmọ́, nítorí náà inú kata ni wọ́n gbé e sí, ìyẹn ìdánrawò tí a ti to gbogbo ìṣe inú rẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Nínú kata, uke ni ẹni tó ń kọlu ẹnì kejì tí wọ́n sì ń dá mọ́lẹ̀, tori sì ni ẹni tó ń dá a lóhùn. Ohun tí ìtọ́sọ́nà yìí dá lé ni pé ọwọ́ uke ni kata wà. Bí ẹ̀ṣẹ́ tí uke kàn kò bá lè ba tori bí tori bá dúró sójú kan, gbogbo ohun tí tori ṣe lẹ́yìn náà, bó ti wù kó dùn-ún wò tó, kò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà la ó sì pẹ́ sí jù. Àwọn tó ti mọ ukemi, ìyẹn bí a ṣe ń ṣubú láìfarapa, dáadáa ni a ń bá sọ̀rọ̀, àti àwọn olùkọ́ tó fẹ́ fi atemi kún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀. Ẹni tí kò tíì lè ṣubú sẹ́yìn kí orí rẹ̀ má kan ilẹ̀, kí ó lọ kọ́ ìyẹn ná.

Àwọn ohun tí a fi ń lu, àti ibi tí a ń lù

Ti ọwọ́ là ń pè ní ude-ate. Orí ìka wà nínú rẹ̀, ìkúùkù wà nínú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ níhà ìka tó kéré jù wà nínú rẹ̀ (tegatana ni wọ́n ń pè é), ìgúnpá náà sì wà níbẹ̀. Ti ẹsẹ̀ ni ashi-ate: orúnkún, àtẹ́lẹsẹ̀ níwájú lábẹ́ àwọn ìka, àti gìgísẹ̀.

Ibi tí à ń lù ní orúkọ tirẹ̀, ó sì yẹ kí tori àti uke mọ̀ wọ́n kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, torí pé kò sí ẹ̀ṣẹ́ kan nínú kata tí kò ní ibi pàtó tó ń lọ. Àtàrí ni tento. Àárín ojú méjèèjì ni uto. Ẹ̀bátí ni kasumi. Suigetsu ni ibi rírọ̀ tó wà lókè ikùn, níbi tí egungun àyà parí sí. Tsurigane ni abẹ́ ọkùnrin. Ó kù díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n márùn-ún yìí ló ń padà wá jù nínú ohun tí a fẹ́ ṣe.

Kata wo ló ní ẹ̀ṣẹ́ nínú?

Nage-no-kata ní ọ̀nà 15 tí a fi ń dá ènìyàn mọ́lẹ̀, mẹ́ta-mẹ́ta ní ìsọ̀rí márùn-ún, tọ̀tún-tòsì la sì ń ṣe é. Mẹ́rin nínú wọn ni ẹ̀ṣẹ́ bẹ̀rẹ̀: seoi-nage, uki-goshi, ura-nage àti yoko-guruma. Ẹ̀ṣẹ́ kan náà ni ní gbogbo ìgbà, èyí tó ń já bọ̀ sórí àtàrí. Katame-no-kata kò ní in, orí ilẹ̀ ni gbogbo tirẹ̀.

Ju-no-kata, tí òun náà ní 15, ni àwọn ènìyàn máa ń fojú kéré jù, torí pé wọ́n ń ṣe é jẹ́jẹ́, kò sí ìṣubú nínú rẹ̀, èèyàn lè wọ aṣọ ilé ṣe é. Síbẹ̀ mẹ́fà nínú rẹ̀ ló jẹ́ pé lílù tàbí gígún ni uke fi bẹ̀rẹ̀: tsuki-dashi, kiri-oroshi, naname-uchi, tsuki-age, uchi-oroshi àti ryogan-tsuki. Bó ṣe lọ́ra yẹn gan-an ló fi dára fún ẹni tó fẹ́ rí ọ̀nà tí ọwọ́ ń gbà. Ní tsuki-dashi, ìṣísẹ̀ mẹ́ta ni uke gbé, ọwọ́ rẹ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ìgbà tó gbé ẹ̀kẹta ni orí ìka rẹ̀ tó dé uto. Tori ní gbogbo àyè láti wò ó kó tó yà.

Kime-no-kata ló le jù. Ó jẹ́ 20: mẹ́jọ lórí ìkúnlẹ̀, 12 lórí ìdúró, ọ̀bẹ àti idà sì wà nínú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí Kano ṣe alága fún ní Kyoto lọ́dún 1906 ló fọwọ́ sí i pọ̀ mọ́ Nage-no-kata àti Katame-no-kata. Kodokan Goshin-jutsu dé lẹ́yìn, lọ́dún 1956, Tomiki Kenji, olùkọ́ júdò, sì kó ipa ńlá nínú rẹ̀. Ó ní 21: 12 láìsí ohun ìjà, mẹ́sàn-án pẹ̀lú ọ̀bẹ, igi àti ìbọn. Èyí tó kẹ́yìn ni Seiryoku Zen'yo Kokumin Taiiku, tí Kano gbé jáde lọ́dún 1927. Apá kan nínú rẹ̀ wà tí èèyàn lè dá ṣe láìsí uke, ibẹ̀ gan-an ló sì yẹ kí olùbẹ̀rẹ̀ ti kọ́ bí a ṣe ń kan ẹ̀ṣẹ́.

Ìmọ̀ràn wa lórí ètò rẹ̀: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí apá tí a ń dá ṣe yẹn, ẹ wọ Nage-no-kata, ẹ fi Ju-no-kata sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi Kime-no-kata sílẹ̀ di ìgbà bẹ́líìtì búráùn. Goshin-jutsu lè ṣáájú Kime-no-kata, torí kò gba ìkúnlẹ̀, bí a sì ṣe ń rìn lójú pópó ni a ń rìn nínú rẹ̀.

Ohun tí ẹ nílò

Máàtì tó gùn tó mítà 8, nítorí pé nǹkan bíi mítà 6 ló máa ń wà láàárín tori àti uke nígbà tí wọ́n bá ń kí ara wọn. Ẹ fi téèpù tó ṣeé ṣí fa ìlà méjì sórí máàtì, kí mítà 1.8 wà láàárín wọn. Igi fóòmù rírọ̀ kan, bíi sẹ̀ǹtímítà 60. Páàdì ọwọ́ kan, irú èyí tí àwọn abẹ̀ṣẹ́ ń kàn. Ohun tí a fi ń dáàbò bo eyín, fún tori ní pàtàkì. Fóònù kan tí ẹ ó gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máàtì láti ya fídíò, nítorí pé láti ẹ̀gbẹ́ nìkan lèèyàn ti lè rí i bóyá ẹ̀ṣẹ́ dé ibi tó yẹ. Kí gbogbo èèyàn gé èékánná, kí wọ́n bọ́ òrùka, aago àti ẹ̀gbà ọrùn.

Òfin mẹ́ta kò gbọdọ̀ yẹ̀. A kì í kan ẹ̀ṣẹ́ sí ẹni tí ojú rẹ̀ kò sí lára ẹni. Ìyára mẹ́ta là ń lò: jẹ́jẹ́, ìlàjì, àti ìyára gidi, tori ló sì ń sọ ìgbà tí a ó yí i padà, kì í ṣe uke. Bí ẹnì kan bá fọwọ́ gbá máàtì tàbí tó ké "dúró", ohun gbogbo dúró. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 kò gbọdọ̀ lo ìkúùkù sí orí ara wọn. Igi fóòmù tó wọn.

Ìgbésẹ̀ 1: ẹ̀ṣẹ́ ní ìdúró, láìsí uke

Ẹ kọ́kọ́ di ìkúùkù. Ẹ ká ìka mẹ́rin láti orí wọn wọ inú àtẹ́lẹwọ́, kí àtàǹpàkò wá dábùú wọn lóde. Ẹni tó bá fi àtàǹpàkò sínú ìka rẹ̀ máa kán an lọ́jọ́ tí ẹ̀ṣẹ́ náà bá ba nǹkan. Kí ẹ̀yìn ọwọ́ àti apá wà lórí ìlà kan. Ọrùn ọwọ́ tó tẹ̀ ni ó máa ń rọ́.

Ẹ dúró ní shizen-hontai: kí ẹsẹ̀ méjèèjì jìnnà síra bí ìbàdí yín ṣe fẹ̀ tó, kí orúnkún má gan, kí ọwọ́ wà nílẹ̀. Goho-ate ni a ń ṣe, ẹ̀ṣẹ́ sí ìhà márùn-ún. Ọwọ́ ọ̀tún ló ṣáájú. Àkọ́kọ́ lọ sí igun iwájú lápá òsì. Èkejì lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ìgúnpá, ó ń lọ sẹ́yìn gbọnrangandan. Ẹ̀kẹrin lọ sí iwájú. Ẹ̀karùn-ún lọ sókè. Lẹ́yìn náà ọwọ́ òsì á ṣe tirẹ̀. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti mọ́ra, ẹ wọ ogoho-ate, ìyẹn ìhà márùn-ún kan náà ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìṣísẹ̀.

Kí ojú kọ́kọ́ lọ síbi tí ẹ̀ṣẹ́ ń lọ. Kí ìbàdí yí díẹ̀ kí èjìká tó tẹ̀ lé e. Kí èémí jáde ṣókí bí ẹ̀ṣẹ́ ṣe ń dé, kí ọwọ́ sì padà wálé kíá. Àṣìṣe tí a máa ń rí jù ni pé èjìká á gòkè dé etí, torí ẹni náà ń fi apá nìkan ṣiṣẹ́. Nígbà tí ìgúnpá bá ń lọ sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ máa ń tẹ̀ síwájú kí ìgúnpá lè jìnnà. Ó jìnnà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dì wọ́n mú lẹ́yìn máa tì wọ́n dojú bolẹ̀.

Goho-geri náà tẹ̀ lé e: ìpá sí iwájú, sí ẹ̀yìn, sí igun iwájú òsì, sí igun iwájú ọ̀tún, àti ìpá òkè. Ti iwájú, ẹ fa ìka ẹsẹ̀ sẹ́yìn kí àtẹ́lẹsẹ̀ níwájú ló máa bá nǹkan. Ìka tó nà síwájú ló máa ń kán. Ti ẹ̀yìn, gìgísẹ̀ ni. Kí ẹsẹ̀ tó dúró tẹ ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Gbogbo ìgbésẹ̀ yìí kò gbọdọ̀ kọjá ìṣẹ́jú 10, ó sì dára gan-an láti fi mú ara gbóná.

Ìgbésẹ̀ 2: àlàfo

Kí tori dúró lórí ìlà kan, kí uke dúró lórí èkejì. Uke mú igi fóòmù lọ́wọ́ ọ̀tún, ó dì í mú nítòsí orí rẹ̀ kí ó má baà gùn ju ìkúùkù lọ púpọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fi fóòmù náà kan àtàrí tori. Tori kò gbọdọ̀ mira. Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá kí ẹ tó pààrọ̀.

Ìdí tí tori fi dúró ni pé a fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀ṣẹ́ uke ń dé. Bí fóòmù bá dúró níwájú imú, ìṣísẹ̀ uke kúrú. Bí ó bá kọjá orí lọ sí ẹ̀yìn ọrùn, ó gùn jù. Ẹni gíga àti ẹni kúkúrú kò lè lo àlàfo kan náà. Ẹ ṣí téèpù náà, ẹ lẹ̀ ẹ́ síbi tó bá ẹ̀yin méjèèjì mu.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ kan máa ń yọjú tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ sọ síta, pàápàá láàárín àwa tí a tọ́ dàgbà pé ọmọdé kì í gbọ́wọ́ lé àgbà lórí. Àbúrò tó bá jẹ́ uke fún ẹ̀gbọ́n á yí ọwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ láìmọ̀, tàbí kó dá a dúró kó tó dé. Ìtẹríba ló fà á, a kò sì lè bú u sí i. Kí ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló sọ fún un pé, "Kàn án, orí mi ni mo ní kó o nà sí." Àbúrò tó bá yí ẹ̀ṣẹ́ dànù kò tíì bọlá fún ẹ̀gbọ́n, torí pé ó ti fi ohun tí ẹ̀gbọ́n wá kọ́ dù ú.

Ìgbésẹ̀ 3: ẹ̀ṣẹ́ àtàrí ti Nage-no-kata

Ẹ fi fóòmù sílẹ̀. Ohun tí uke ń ṣe nìyí, ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ó dúró ní shizen-hontai, mítà 1.8 sí tori, ojú rẹ̀ sí ojú tori. Bó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ òsì síwájú ló ń di ìkúùkù ọ̀tún, tó ń gbé e gòkè kọjá orí ara rẹ̀. Apá náà tẹ̀ níbi ìgúnpá, kò gan. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, bí ẹsẹ̀ yẹn ṣe ń tẹ ilẹ̀ ni ìkúùkù ń já bọ̀ láti òkè sórí àtàrí tori. Ìsàlẹ̀ ìkúùkù, níhà ìka tó kéré jù, ló ń bọ̀ níwájú, bí ìgbà tí a ń fi ọmọ orí odó gúnyán. Ojú egungun ìka kọ́ ló ń bọ̀.

Ìwúwo ara uke ni gbogbo ọgbọ́n náà. Nígbà tí ẹ̀ṣẹ́ bá dé, ìwúwo rẹ̀ ti wà lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún, àyà rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ yẹn, gìgísẹ̀ òsì ti fẹ́ kúrò nílẹ̀. Ìwúwo yẹn ni owó tí tori yóò ná. Uke tó kan ẹ̀ṣẹ́ pẹ̀lú apá lásán, tí ìdí rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn, kò fún tori ní nǹkan kan láti fà. Tori á wá fi ẹ̀yìn gbé e, yóò sì parí ọjọ́ náà pẹ̀lú ìdí ríro. Bí akẹ́kọ̀ọ́ yín bá ń ráhùn ẹ̀yìn lẹ́yìn seoi-nage nínú kata, ẹ wo ẹsẹ̀ uke kí ẹ tó tún tori ṣe.

Ẹ wo fídíò náà fún nǹkan mẹ́rin. Ǹjẹ́ ìkúùkù ń bọ̀ lójú ọ̀nà tààrà, àbí ó ń yà sí ẹ̀gbẹ́ orí? Ǹjẹ́ orí uke tẹ̀ síwájú ṣáájú ọwọ́ rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì fi iwájú orí pàdé èjìká tori. Ǹjẹ́ ó dúró díẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ kìn-ín-ní àti èkejì? Kò yẹ kó dúró, ìrìn kan ni. Ní ìparí, ǹjẹ́ tori ti mira kí ẹsẹ̀ ọ̀tún uke tó kúrò nílẹ̀? Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló máa ń ba kata àwọn tó ti pẹ́ nínú rẹ̀ jẹ́, nítorí wọ́n ti mọ ohun tó ń bọ̀. Oògùn rẹ̀ rọrùn: ẹ fún uke láyè láti máa kọ̀ láti kan ẹ̀ṣẹ́ nígbà mìíràn. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì, ó gbé ọwọ́ sókè, ó dúró. Bí tori bá ti wọlé, ó ti ṣi àsìkò, gbogbo èèyàn sì rí i.

Ẹ fi páàdì kún un bí ẹ bá fẹ́ kí uke mọ agbára rẹ̀: ẹnì kẹta gbé páàdì sí gíga àtàrí tori, uke kàn án ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá ní ìyára gidi. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ó tó padà sọ́dọ̀ ènìyàn.

Ìgbésẹ̀ 4: ìdáhùn mẹ́rin sí ẹ̀ṣẹ́ kan

Ó wúni lórí pé ẹni tó to Nage-no-kata fi ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo béèrè ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin, tí ìdáhùn rẹ̀ sì ń yí padà. Ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe tò ó.

Seoi-nage. Bí ẹ̀ṣẹ́ ṣe ń sọ̀kalẹ̀, tori gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé sí inú ẹsẹ̀ ọ̀tún uke, ó gbé apá òsì sókè láti pàdé inú apá ọ̀tún uke. Kò dá a dúró. Ó gbà á, ó jẹ́ kó máa bọ̀, ó sì ń fà á síwájú lọ sókè bó ṣe ń yí ẹ̀yìn sí i, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń kọjá lábẹ́ abíyá uke lọ di èjìká mú. Tori tó bá fi apá rẹ̀ gbá ti uke dànù, bí ìgbà tí à ń dí ẹ̀ṣẹ́ nínú karate, ti pa ìrìn uke, ó ti ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́. Àmì pé ó tọ́ ni pé uke á mọ̀ ọ́n lára pé ẹsẹ̀ òun ti kúrò nílẹ̀ kí tori tó tẹ̀ síwájú.

Uki-goshi. Níhìn-ín tori kò kan ọwọ́ uke rárá. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì wọlé síwájú uke, ó yọ orí kúrò lábẹ́ ẹ̀ṣẹ́, ẹ̀ṣẹ́ náà sì kọjá lórí èjìká òsì rẹ̀, ó fi apá òsì gbá ìbàdí uke mú, ó fa uke mọ́ra, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú apá aṣọ òsì uke. Ìbàdí òsì ló fi dá a. Uke kan ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún, tori sì fi òsì dá a. Ibẹ̀ ni àwọn olùbẹ̀rẹ̀ ti ń dàrú, ẹ má bẹ̀rù láti máa ṣe ẹsẹ̀ nìkan fún ọ̀sẹ̀ kan. Kí ìbàdí yí, kí ó má gbé. Orúnkún tori kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀ níbí.

Ura-nage. Tori tẹ̀ sábẹ́ ẹ̀ṣẹ́, ó fi ẹsẹ̀ òsì wọlé jinlẹ̀ sẹ́yìn uke, apá òsì gbá ìbàdí uke láti ẹ̀yìn, àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún wà ní ìsàlẹ̀ ikùn uke, ìka kọjú sókè. Etí àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tori lẹ̀ mọ́ àyà uke. Ó wá fi ara rẹ̀ ṣubú sẹ́yìn, ó ju uke kọjá èjìká òsì rẹ̀. Èyí ló léwu jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: orí èjìká àti òkè ẹ̀yìn ni uke ń balẹ̀. Kí uke ká àgbọ̀n mọ́ àyà, kó fi ọwọ́ méjèèjì gbá máàtì. Ẹ tẹ́ máàtì rírọ̀ tó nípọn sẹ́yìn tori fún oṣù àkọ́kọ́. Tori tí kò wọlé tó, tó dúró síwájú uke, á ju uke sórí ojú ara rẹ̀.

Yoko-guruma. Ó bẹ̀rẹ̀ bíi ura-nage, ṣùgbọ́n uke mọ ohun tó ń bọ̀, ó tẹ orí àti àyà síwájú láti má jẹ́ kí wọ́n gbé òun sẹ́yìn. Títẹ̀ yẹn ni tori lò: ó yọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún wọ àárín ẹsẹ̀ uke, ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì ṣubú, uke yí kọjá èjìká òsì rẹ̀. Kí uke tẹ̀ lóòótọ́. Bí uke kò bá tẹ̀, ura-nage ló yẹ kí tori parí, kí tori sì parí rẹ̀. Olùkọ́ tó fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn méjì tó ń ṣe kata pọ̀ ti lóye rẹ̀, kí ó sọ fún uke níkọ̀kọ̀ pé kó má tẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: nígbà tí ó bá kan tori láti lù

Nínú Nage-no-kata, uke nìkan ló ń lù. Kime-no-kata àti Goshin-jutsu yí i padà. Ní ryote-dori ti orí ìkúnlẹ̀, orúnkún tori àti ti uke jìnnà síra bí ìkúùkù méjì. Uke di ọrùn ọwọ́ tori méjèèjì mú. Tori dìde sórí ìka ẹsẹ̀, ó ya ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, èyí tó fa uke síwájú, ó sì fi orúnkún ọ̀tún lu suigetsu rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó gba ọwọ́ ara rẹ̀ padà tó sì ká apá òsì uke. Nínú hidari-eri-dori ti Goshin-jutsu, uke mú kọ́là òsì tó sì ń tì; tori fi ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún lu ojú uke kó tó lọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ wò ó bóyá ẹ ó rí i: lílù náà kì í parí ìjà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ọkàn uke kúrò níbi tí agbára rẹ̀ wà, fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kí tori lè ká apá tàbí kó dá a mọ́lẹ̀. Nítorí náà, àsìkò tó wà láàárín lílù àti ohun tó tẹ̀ lé e ló ṣe pàtàkì jù. Tori tó lù tán tó wá dúró kí á lè rí i pé ó lù ti pàdánù àǹfààní rẹ̀.

Fún ìṣọ́ra, kí ẹ̀ṣẹ́ tori dúró ní ìwọ̀n ìka méjì sí ara uke bó bá jẹ́ ojú, ọ̀fun tàbí abẹ́. Ní suigetsu, ó lè fọwọ́ kan aṣọ. Àmọ́ kí ìbàdí rẹ̀ lọ dé òpin. Ẹ̀ṣẹ́ tí a dá dúró nípa fífà ara sẹ́yìn ń kọ́ ara ní ohun burúkú. Ìdí tó fi dúró gbọ́dọ̀ jẹ́ pé àlàfo ló parí síbẹ̀. Kí uke sì dáhùn: bí wọ́n bá na ẹ̀ṣẹ́ sí suigetsu rẹ̀, kí ó tẹ̀ díẹ̀. Uke tó dúró gbagidi bí òpó ń purọ́ fún tori. Ọ̀bẹ onígi nìkan la ń lò nínú ìdánrawò, kò sí ìjíròrò lórí ìyẹn.

Ohun tí èyí ń ṣe fún randori

Àwọn kan á béèrè pé kí ni gbogbo èyí fẹ́ ṣe fún ẹni tó fẹ́ gba àmì-ẹ̀yẹ. Àkọ́kọ́ ni ìdúró. Kano kò fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ máa tẹ̀ síwájú nínú randori, tàbí kí wọ́n na apá gan síwájú. Ẹni tó bá dúró bẹ́ẹ̀ kò lè yẹra fún ẹ̀ṣẹ́ tàbí ìpá. Ẹni tó ti fi oṣù mẹ́ta gba ẹ̀ṣẹ́ sórí kì í tẹ orí síwájú mọ́, ojú rẹ̀ sì máa ń wà lára alátakò.

Èkejì ni wíwọlé. Ẹ gbìyànjú èyí: uke kan ẹ̀ṣẹ́ àtàrí, tori wọ seoi-nage ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n di ara wọn mú bíi ti randori, kí uke máa rìn síwájú, kí tori wọ seoi-nage kan náà ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún sí i. Ara tori ti mọ bí ìwúwo tó ń bọ̀ síwájú ṣe rí, yóò sì máa wá a. Ìdánrawò kékeré yìí wúlò ju kí á máa ka kata láti òpin dé òpin láìdúró lọ.

Fún ètò ọ̀sẹ̀, ìṣẹ́jú 20 lẹ́ẹ̀mejì ti tó, kí ó ṣáájú randori nígbà tí ara kò tíì rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ fún ìgbésẹ̀ 1 àti 2. Ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e fún ìgbésẹ̀ 3 nìkan, ẹ má kánjú kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ìdáhùn mẹ́rin náà, tọ̀tún-tòsì. Kí tori àti uke máa pààrọ̀ ipò ní gbogbo ìgbà. Àwọn tó ń lọ sí ìdíje kata, irú èyí tó ti di ti àgbáyé láti ọdún 2009 tí wọ́n ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Malta, lè sọ ara wọn di tori tàbí uke títí lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ̀ṣẹ́ bá ba ẹnì kan lórí lóòótọ́, kí ó jókòó. Kò ní padà sórí máàtì lọ́jọ́ yẹn, kódà bó bá ní kò dun òun. Bí ó bá bì, bí ojú rẹ̀ bá ń ṣe bàìbàì, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń lọ́ tàbí tí orí fífọ́ náà ń le sí i, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, kí ẹnì kan sì bá a lọ. Fún àtàǹpàkò tó wú, ẹ fi yìnyín tí a fi aṣọ wé lé e fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ ní kó ṣe ìkúùkù: bí kò bá lè ká a, àwòrán egungun ló kàn.